Alága Tó Fi Ìkíni Pa Ìròyìn

Ọkùnrin kan wà ní Niamey tí ó gbà pé bí òun kò bá dìde, èdè Yorùbá yóò kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ má bi mí bóyá ara èdè náà kò yá. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Lójoojúmọ́ ni ó ń tajà ní Ọjà Ńlá, ó ń bá Hausa nájà, ó ń bá Zarma ṣẹ̀fẹ̀, ó ń bá àwọn agbowó-orí jà ní Faransé, tí ilẹ̀ bá sì ṣú, á lọ sinmi ní àdúgbò Zongo. Ṣùgbọ́n Alhaji Àbdùlràhmàn ti pinnu pé aláìsàn ni, ẹni tí ó bá sì ti fẹ́ di oníṣègùn tipátipá kò ní ṣàìrí ẹni tí yóò dá dùbúlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi í hàn yín. Ọkùnrin gíga ni, ikùn rẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ wọlé, òun á wá tẹ̀lé e. Ọ́fíìsì ńlá kan ni ó ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa lu òǹtẹ̀ sórí ìwé tí ẹlòmíràn ti kà. Nígbà tí Ẹgbẹ́ Àjùmọ̀ṣe Ọmọ Oòjíire, ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá tó wà nílùú náà, ń wá ẹni tí yóò máa mójú tó ètò wọn lórí rédíò, òun nìkan ni ó wọ kóòtù wá sípàdé nínú ooru oṣù kẹrin. Àwọn àgbà wo kóòtù, wọ́n wo òógùn, wọ́n ní ẹni tó lè fara da èyí lè fara da ohunkóhun. Báyìí ni ó ṣe di Alága Ìgbìmọ̀ Èdè, Ìròyìn, Àṣà àti Àwọn Ọ̀ràn Mìíràn Tó Bá Jẹ Yọ. Ẹni méjì péré ni ìgbìmọ̀ náà: òun fúnra rẹ̀, àti Sùlù, tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti máa gbà pé òótọ́ ni.

Ilé iṣẹ́ rédíò aládàáni kan ní àdúgbò Maourey ni wọ́n ti ń ṣe ètò náà. Ààbọ̀ wákàtí ni, ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun Alásàrì, kí ìròyìn Faransé tó bẹ̀rẹ̀. Àsmá'ù ni ó ń kà á, ọ̀dọ́bìnrin tí wọ́n bí sí àdúgbò Poudrière, tí àwọn òbí rẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá. Iyọ̀ Zarma wà nínú Yorùbá rẹ̀, ata Hausa náà kò sì gbẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kì í gbọ́ ọ. Tí ó bá ní, “Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́ ti wọ gàréèjì. Àlùbọ́sà ti gbówó lórí. Ìyàwó Ìdrìsù bí ìbejì ní Zongo, suná ìsọmọlórúkọ wọn di Àlàmísì,” ńṣe ni àwọn ìyá aláṣọ á ní kí oníbàárà dákẹ́ ná. Tí ètò bá ti parí, fóònù ilé iṣẹ́ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ sọnù á rí ọmọ, ẹni tí ẹrù rẹ̀ dé á sáré lọ gbà á.

Olórí ilé iṣẹ́ rédíò náà, Músíọ̀ Sàlíhù, ọmọ Zarma ni. Kò gbọ́ Yorùbá kankan, ṣùgbọ́n ó gbọ́ èdè fóònù dáadáa. Bí fóònù bá ti ń dún, ètò ń bẹ láàyè nìyẹn.

Ọjọ́ tí Alága kó ìwé òfin rẹ̀ jáde ni nǹkan yí padà. “Ìwé Ìlànà Èdè Ìròyìn” ni ó pè é. Ìwé náà nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí Sùlù fi gbé e mọ́ àyà wọlé, bí ìyàwó ilé ṣe ń gbé ọmọ àgbàtọ́.

“Láti òní lọ,” ni Alága wí, ó na ìka sókè, “èdè wa yóò wẹ̀, yóò kùnra, yóò wọ aṣọ funfun! A ó lé gbogbo ọ̀rọ̀ àjèjì jáde, a ó ti ilẹ̀kùn, a ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mì!”

“Ẹ gbé e mì, Alága!” Sùlù pàtẹ́wọ́.

“Ta ni yóò tún gbọ́ faba-faba lórí rédíò wa?”

“Kò sí!”

“Ọkọ̀ àjùmọ̀wọ̀ olówó pọ́ọ́kú ni yóò máa jẹ́. Àlùbọ́sà, Hausa ni ó ni ín. A ti dá a padà fún wọn. Ewébẹ̀ aláwọ̀-léra tí ń fa omijé ni a ó máa wí. Poudrière sì ti di Àká Ẹ̀tù Ìbọn. Zongo ti di Ibùdó Àlejò.”

Àsmá'ù na ọwọ́ sókè díẹ̀. “Alága, ẹ jọ̀wọ́ sà. Zongo ni wọ́n bí ọ̀pọ̀ ọmọ wa sí. Àlejò ta ni wọ́n?”

Sùlù wo Alága. Alága wo òrùlé. “Ìgbìmọ̀ yóò gbé ìyẹn yẹ̀ wò,” ni ó wí.

Gbogbo ìyẹn ìbá ṣeé gbà mọ́ra. Òfin Ìkíni ni ó burú jù. Alága ní ọmọ Yorùbá kì í kàn ṣí ẹnu sọ̀rọ̀ láìkí àgbà, nítorí náà, kí Àsmá'ù tó ka ìròyìn kankan, ó gbọ́dọ̀ kí gbogbo olóyè ẹgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú oyè wọn ní kíkún, bẹ̀rẹ̀ láti orí Alága. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má tètè bú u o. Òótọ́ ni pé ẹni tí kò mọ ìkíni kò gba ẹ̀kọ́ ilé. Ṣùgbọ́n ìkíni tó dára mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó jókòó, ti Alága kò mọ̀ ọ́n.

Oyè ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Ẹni tí ó bá gbé ife tíì fún Alága láàárọ̀ ti di Alátìlẹ́yìn Èdè kí ó tó di ọ̀sán. Ẹni tí ó bá rẹ́rìn-ín sí àwàdà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì di Òpómúléró Ìròyìn. Ẹni tí ó bá a gbé báàgì di Agbẹ́rù-Àṣà. Sùlù nìkan gba mẹ́ta, ọ̀kan fún ìgbọ́ràn, ọ̀kan fún àtẹ́wọ́, èyí tó kù ni a kò mọ ìdí rẹ̀. Gbogbo wọn ni Àsmá'ù ń kí. Ó ń kí wọn títí tí ohùn rẹ̀ fi ń há, aago sì ń lọ. Nígbà tí ó bá sì wá kan ìròyìn, kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ náà á já ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, Faransé á wọlé: “Bonsoir!” Kọ̀ǹpútà kò mọ Alága. Wọn kò bí wọn sí ìlú kan náà.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ìyá Mọ́rìlíátù, àgbà nínú àwọn aláṣọ, ẹni tó ti ń tajà ní Ọjà Ńlá kí wọ́n tó bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn olóyè yẹn. Ọmọ rẹ̀ bímọ. Ìyá ní kí wọ́n bá òun kéde suná lórí rédíò, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é látẹ̀yìnwá. Ó ra àgbò, ó ra ìrẹsì. Àsmá'ù kí àwọn olóyè tán, ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Ìyá Mọ́rìlíátù fi ayọ̀ pè yín síbi ìsọmọlórúkọ tí yóò wáyé ní…” “Bonsoir!” Ọjọ́ kejì, ìrẹsì kún agbada, èèyàn kò kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ará ilé nìkan ni ó jẹ ẹ́ títí tí wọ́n fi ń sá fún un.

Ìyá kò pariwo lójú ọ̀nà. Ó wé gèlè, ó lọ bá Alága ní ọ́fíìsì ìgbìmọ̀.

“Alhaji, ẹ kú iṣẹ́ o.”

“Ìyá, Ọ̀lájùlọ Alhaji Alága ni wọ́n ń pè mí.”

“Ẹ má bínú. Orúkọ yín gan-an ńkọ́?”

“Àbdùlràhmàn.”

“Haba! Yorùbá ni ìyẹn?”

Alága tún kóòtù rẹ̀ ṣe.

“Alhaji ńkọ́? Àdúrà tí ẹ ṣe láàárọ̀ yìí ńkọ́, kí lẹ fi rọ́pò rẹ̀ nínú ìwé yín?”

Sùlù ṣí ìwé, ó wò ó, ó pa á dé. “Ìgbìmọ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ lórí rẹ̀, Ìyá.”

“Hẹ̀n-ẹ́n. Ẹ gbọ́, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ máa ń ṣe àlejò wá sílé wa. A fún un lónjẹ, ó bímọ, ó di onílé. Tí ẹ bá ní ẹ fẹ́ lé gbogbo àlejò, ẹ̀yin fúnra yín, níbo lẹ ó sùn lálẹ́?”

“Ìyá, ìmọ̀ èdè jinlẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ títà.”

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó dìde. Láti ọjọ́ náà, ó pa rédíò rẹ̀. Àwọn aláṣọ tó kù wo ojú rẹ̀, wọ́n pa tiwọn náà.

Ohun tó ń múni rẹ́rìn-ín ni pé nílé, Alága ń sọ̀rọ̀ bí gbogbo wa. Bí iná bá lọ, ẹ ó gbọ́ ọ láti ìta: “Ummusalmah! Kúrán ti lọ o! Tọ́ọ̀ṣì dà?” Ìyàwó rẹ̀, tó mọ ọkọ rẹ̀ dáadáa, á dáhùn láti ilé ìdáná pé, “Àṣẹ wo nínú ìwé yín ló ní kí ẹ máa pe kúrán?” Alága á máa fọwọ́ tá ilẹ̀ wá tọ́ọ̀ṣì nínú òkùnkùn.

Ní ilé iṣẹ́ rédíò, fóònù dákẹ́ pátápátá. Músíọ̀ Sàlíhù pe Àsmá'ù sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó bi í ní Faransé.

“Mademoiselle Àsmá'ù, kí ló ṣe àwọn èèyàn yín? Ṣé wọ́n ti kó kúrò ní Niamey ni?”

“Wọ́n wà, Músíọ̀.”

“Fóònù kò dún mọ́. Ọlọ́ṣẹ kan ti ní òun fẹ́ ààbọ̀ wákàtí yẹn láti máa kọrin ọṣẹ rẹ̀. Mo ń fún yín di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀. Tí fóònù kò bá dún, voilà, ọlọ́ṣẹ ló ni ín.”

Àsmá'ù jáde, omi ń bọ̀ lójú rẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ni ó ń rò. Ètò yẹn ni ibi kan ṣoṣo tí àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú yìí ti ń gbọ́ èdè ìyá wọn kí wọ́n tó sùn. Ó sáré lọ sọ fún Alága.

Ṣùgbọ́n Alága kò ráyè omijé. Jímọ̀ yẹn gan-an ni ayẹyẹ láwàní rẹ̀. Ó ti sọ fún àwọn àgbà ẹgbẹ́ pé ó yẹ kí wọ́n fi òun jẹ Bàbá Èdè, wọ́n sì ti gbà, nítorí pé gbígbà yá ju títẹ́tí sí àlàyé rẹ̀ lọ. Ó ti háyà gbọ̀ngàn kan ní Poudrière. Ó ti ra àgbò tó pọ̀.

“Alága,” Sùlù wí, “ṣé kí n kéde rẹ̀ fún àwọn èèyàn lórí Wàsáàpù?”

“Orúkọ wo la ti fún Wàsáàpù nínú ìwé?”

“A ò tíì rí i, Alága.”

“Títí a ó fi rí i, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lò ó.”

“Ṣé kí n wá fẹsẹ̀ rìn lọ bá àwọn àgbà?”

“Ẹni tí rédíò bá ti sọ fún kò nílò ẹsẹ̀ Sùlù.”

“Òótọ́ ni,” Sùlù wí, ó sì jókòó.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni Àsmá'ù ń gbìyànjú láti kéde ayẹyẹ náà. Ó bẹ Alága pé, “Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó wà àti àkókò, sà, kí n tó kí àwọn olóyè.”

“Kí ibi ṣáájú èèyàn? Kí gbọ̀ngàn ṣáájú Alága? Ọmọ yìí, ta ló kọ́ ọ?”

Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìkíni á gùn, oyè ẹni tí a fẹ́ wé láwàní fún á tún gùn ju ìkíni lọ, ìgbà tí ó bá sì kan “yóò wáyé ní”, Faransé á ní, “Bonsoir!” Ọkùnrin kan ní Maourey nìkan ni ó gbọ́ ọ kọjá ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ “Àká Ẹ̀tù Ìbọn”. Ó búra fún ìyàwó rẹ̀ pé òun kò ní lọ jẹun níbi tí ẹ̀tù ìbọn wà.

Jímọ̀ dé. Lẹ́yìn Alásàrì, Alága jókòó sórí àga ńlá nínú agbádá tí ó wọ̀ lé agbádá mìíràn. Láwàní funfun tí wọn yóò fi wé e wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Àga kún gbọ̀ngàn, èèyàn kò sí. Sùlù wà níbẹ̀, Ummusalmah àti àwọn tó se oúnjẹ wà níbẹ̀, ayàwòrán kan náà wà níbẹ̀ tí ó ti ya àga títí tí ó fi sú u. Ológbò kan wọlé, ó wò yíká, ó jáde.

“Wọ́n ń bọ̀,” Alága wí.

“Òótọ́ ni,” Sùlù wí, ṣùgbọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́, ó wo ẹnu ọ̀nà kí ó tó sọ ọ́.

Mọ́tò kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Músíọ̀ Sàlíhù ni, ẹni tí Alága ti fẹnu ara rẹ̀ pè. Ó wọlé, ó wo àga, ó wo Alága. Ó jókòó sí iwájú, òun nìkan ṣoṣo.

“Monsieur le Président, àwọn olùgbọ́ yín dà?”

“Wọ́n wà lọ́nà.”

“Ètò yín ti bẹ̀rẹ̀ ní rédíò báyìí. Ọlọ́ṣẹ ń dúró dè mí ní ọ́fíìsì. Mo rò pé mo ti rí ìdáhùn mi.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀.

Òógùn tí àwọn àgbà rí lójọ́sí padà wá. Alága wo ìrẹsì tí èéfín rẹ̀ ti ń dínkù. Ó wo láwàní. Ó wo Ummusalmah, Ummusalmah sì ń wo ilẹ̀ kí ó má baà rẹ́rìn-ín. Àánú rẹ̀ ṣe mí díẹ̀, kí n má purọ́. Ó fa fóònù yọ, ó pe Àsmá'ù, tí ìkíni ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

“Fi mí sórí afẹ́fẹ́! Fi mí sórí rédíò báyìí!”

“Alága, ìwé yín ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ kí a tó kí…”

“Kí ta ni? Fi mí síbẹ̀, Àsmá'ù, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́!”

Àsmá'ù tẹ bọ́tìnnì. Gbogbo Niamey tó ṣí rédíò sì gbọ́ ọ:

“Ẹ̀yin èèyàn wa! Èmi Àbdùlràhmàn ni o, ọkọ Ummusalmah! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ faba-faba, ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Poudrière, lẹ́bàá ilé búrẹ́dì, ibi tí wọ́n ta tàǹpólì funfun sí! Ìrẹsì wà, ẹran wà, àlùbọ́sà kún inú ọbẹ̀! Wallahi, kò sí ẹnì kankan níbí o, oúnjẹ ń tutù! Ẹ pe ara yín lórí Wàsáàpù! Vite, vite, ẹ yára! Ẹ má jẹ́ kí ojú tì mí lójú Músíọ̀ Sàlíhù!”

Ní Ọjà Ńlá, ọkùnrin kan tó gbàgbé láti pa rédíò rẹ̀ kígbe. Àwọn tó wà nítòsí sáré wá. Ẹnì kan fi ohùn náà sórí Wàsáàpù, ó sì dé Zongo kí Alága tó nu ojú rẹ̀ tán. Ẹ̀rín gba gbogbo ọjà. Ìyá Mọ́rìlíátù gbọ́ ọ, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó ní, “Ẹ jẹ́ ká lọ. Oúnjẹ kò ṣẹ̀.”

Músíọ̀ Sàlíhù ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí fóònù tirẹ̀ dún. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ni. Wọ́n ní gbogbo fóònù ń dún, kò sì sí ọwọ́ tó lè gbé e tán. Àwọn kan ń béèrè ilé búrẹ́dì wo ni, àwọn kan ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún fi ọkùnrin yẹn síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ìyẹn yé e. Ó padà wá jókòó.

“Voilà!” ni ó wí. “Èyí ni rédíò! Ọlọ́ṣẹ á wá ibòmíràn kọrin.”

Faba-faba bẹ̀rẹ̀ sí í já èèyàn sílẹ̀. Zongo dé, Maourey dé, àwọn àgbà ẹgbẹ́ dé, Àsmá'ù náà parí ètò, ó dé. Gbọ̀ngàn kún, àwọn kan dúró síta. Nígbà tí Alága rí i pé èèyàn pé, kí lẹ rò pé ó ṣe? Ó tún agbádá ṣe, ó gba ẹ̀rọ ohùn, ó gbé àyà sókè.

“Ẹ̀yin ọlọ́lá jùlọ, ẹ̀yin alátìlẹ́yìn èdè, kí n tó sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí…”

“OÚNJẸ Ń TUTÙ!” Gbogbo gbọ̀ngàn dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó tún gbìyànjú. Wọ́n tún dá a lóhùn. Sùlù náà kígbe, ó ti mọ́ ọn lára láti máa gbà pé òótọ́ ni.

Àwọn àgbà ní kí Ìyá Mọ́rìlíátù, tó dàgbà jù níbẹ̀, gbé láwàní. Ìyá gbé e. Ó rìn wá síwájú Alága, Alága sì tẹ orí rẹ̀ ba.

“Àbdùlràhmàn, ọmọ mi,” ni ó wí, “láti ọjọ́ tí o ti gba ipò yìí, òní ni o kọ́kọ́ sọ ohun tó yé mi. Ó yé mi délẹ̀. Ìrẹsì tèmi tutù, kò sẹ́ni tó gbọ́. Tìrẹ kò ní tutù.”

Ó yí padà, ó ṣí láwàní funfun náà, ó fi bo ìkòkò ìrẹsì dáadáa kí ooru má baà jáde, ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bu ẹran.

Bí oyè ṣe lọ nìyẹn, ipò alága sì tẹ̀ lé e. Kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, àwọn àgbà gba ètò náà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀, wọ́n fi lé Àsmá'ù lọ́wọ́. Wọ́n ní tí ọ̀rọ̀ kan bá rú u lójú, kí ó lọ sọ́jà lọ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́dún yìí, tí ó bá sì yí padà lọ́dún tó ń bọ̀, kí ó tún lọ. Ìwé Ìlànà wà lọ́wọ́ Sùlù lẹ́bàá ààrò, ó ń fi fẹ́ iná.

Alága tẹ́lẹ̀ jẹ ìrẹsì tirẹ̀ lórí ẹní pẹ̀lú àwọn tó kù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò gbójú sókè. Nígbà tó yá, ẹnì kan pè é ní Alhaji Oúnjẹ-Ń-Tutù, ó sì rẹ́rìn-ín kí ó tó rántí pé ó yẹ kí òun bínú. Orúkọ yẹn ni wọ́n ń pè é títí di òní, ó sì ń dáhùn.

Lọ́jọ́ kejì, ó gun kàbù-kàbù, ọ̀kadà ìlú náà, lọ sí Maourey, láìsí Sùlù, láìsí kóòtù. Ó ní òun fẹ́ kéde nǹkan. Àsmá'ù ní kí ó sọ ohun tó fẹ́ kí òun kà, ó sọ ọ́ ní ìdúró, ó sì padà sílé. Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo èèyàn gbọ́ ọ:

“Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Alhaji Àbdùlràhmàn ní àwọn abọ́ Ummusalmah kò pé. Ẹni tó bá gbé e lọ láná, ẹ jọ̀ọ́, kó dá a padà. Ẹ mọ ilé wọn.”

Nígbà tí ìrun Alẹ́ fi máa tó, gbogbo abọ́ ti pé.